Orúkọ àti Oríkì Ìpele Ilẹ̀: Àríwísí lórí Akata, Agbada àti Benin Lábẹ́ Dẹ́lítà Ọya

1.0 Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni irú ilé tí àwọn onímọ̀ wò kí wọ́n tó sọ àwọn ìpele ilẹ̀ abẹ́ Dẹ́lítà Ọya lórúkọ. Dẹ́lítà Ọya ni a ó máa pe gbogbo ilẹ̀ àbàtà tí ó wà níbi tí Odò Ọya ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kí ó tó wọ inú òkun, pẹ̀lú apá rẹ̀ tí òkun bò mọ́lẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn ìpele ibẹ̀ ni a ó yẹ̀ wò: Akata, Agbada àti Benin. K. C. Short àti A. J. Stäuble, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ Shell-BP, ni wọ́n fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní oríkì nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1967 nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí ń wá epo ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, ó ṣòro kí a tó rí iṣẹ́ kan lórí epo rọ̀bì Nàìjíríà tí kò lo orúkọ mẹ́ta yìí.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí a pè ní oríkì. Kì í ṣe ewì ìyìn ni a ní lọ́kàn. Àlàyé tí ó ń fi ohun kan hàn yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn onígírámà ti ń lo ọ̀rọ̀ náà. Èrò wa ni pé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wúlò, wọn kò sì yẹ ní jíjù nù. Ṣùgbọ́n oríkì wọn mẹ́hẹ ní àwọn ibì kan, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò wọ́n ti di ẹrù tí kò yẹ lé wọn lórí. A ó kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà wí, a ó sọ ibi tí ó dára sí, lẹ́yìn náà ni a ó wá wo àléébù rẹ̀ àti ohun tí àléébù náà lè dá sílẹ̀.

2.0 Ohun tí Short àti Stäuble wí

2.1 Bí àwọn ìpele náà ṣe wáyé

Bí a bá da ògì sínú ìkòkò, tí a sì fi í sílẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò silẹ̀ sí ìsàlẹ̀, omidun yóò sì wà lókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni odò ń ṣe. Ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn àti amọ̀ bọ̀ láti òkè. Bí agbára rẹ̀ bá ti ń dínkù ni ó ń sọ ẹrù kalẹ̀: èyí tí ó tóbi a kọ́kọ́ balẹ̀, amọ̀ tí ó fúyẹ́ a sì lọ jìnnà sínú òkun kí ó tó silẹ̀. Bí ẹrù yìí bá pọ̀, tí èyí tí ó wà lókè tẹ èyí tí ó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, yóò máa di òkúta. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni ó wà lábẹ́ Dẹ́lítà Ọya, ní etí ilẹ̀ Áfíríkà níbi tí ilẹ̀ ti ń rì lọ sínú òkun Àtìláńtíìkì. Wọ́n ti fojú bù ú pé dẹ́lítà náà gba nǹkan bí 300,000 kìlómítà níbùú lóròó, àti pé níbi tí ẹrù odò ti pọ̀ jù, ìnípọn rẹ̀ lé ní 10 kìlómítà. Ní ti ọjọ́ orí òkúta, ọmọdé ni èyí. Àwọn òkúta líle tí a ń rí ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún dàgbà ju ohun tí ó pẹ́ jù níbẹ̀ lọ.

2.2 Ìpele mẹ́ta

Akata ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Amọ̀ inú òkun ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn kan sì ti ṣírò ìnípọn rẹ̀ dé 7,000 mítà. Agbada ni ó tẹ̀ lé e. Yanrìn àti amọ̀ ni ó ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn nínú rẹ̀, ó nípọn ju 3,700 mítà lọ ní àwọn ibì kan, inú yanrìn rẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo rọ̀bì dẹ́lítà náà sì wà. Benin ni ó wà lókè. Yanrìn odò ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú amọ̀ díẹ̀díẹ̀; ìnípọn rẹ̀ lè tó 2,000 mítà, òun ni ọ̀pọ̀ kànga omi ẹkùn náà sì ń fà.

2.3 Ibi-àwòṣe

Òfin ìsọlórúkọ òkúta tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1961 ti wà nílẹ̀ nígbà tí Short àti Stäuble kọ iṣẹ́ wọn. Ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń béèrè kò ṣòro: kí orúkọ ìpele wá láti ara orúkọ ibi kan; kí ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ na ìka sí ibi kan tí ẹlòmíràn lè lọ wò; kí ó sì sọ ààlà rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ibi tí a na ìka sí yìí ni a ó máa pè ní ibi-àwòṣe. Nítorí pé inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni àwọn ìpele yìí wà, kànga epo ni ibi-àwòṣe wọn. Kànga Akata-1, nǹkan bí 80 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Port Harcourt, ni ti Akata. Agbada-2, nǹkan bí 11 kìlómítà sí àríwá Port Harcourt, ni ti Agbada. Elele-1, nǹkan bí 38 kìlómítà sí apá àríwá ìlú kan náà, ni ti Benin.

3.0 Ibi tí iṣẹ́ náà dára sí

A kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí ó gbàgbé irú ipò tí àwọn òǹkọ̀wé yìí bá ọ̀rọ̀. Oloibiri, ibi tí a ti kọ́kọ́ rí epo tí ó tó tà ní Nàìjíríà, kò ju ọdún mọ́kànlá lọ nígbà náà, nítorí 1956 ni wọ́n kàn án. Ọ̀pọ̀ kànga ni wọ́n ti gbẹ́ láàrin ọdún péréte yẹn, ẹni tí ó bá ń gbẹ́lẹ̀ sì nílò orúkọ tí ó lè lò ní ojú ẹsẹ̀, bí èérún ilẹ̀ bá ti ń jáde. Yanrìn ni àbí amọ̀? Bí wọ́n bá pọ̀ pọ̀, èwo ni ó pọ̀ jù? Ìbéèrè tí ojú lè dáhùn nìyẹn. Short àti Stäuble gbé orúkọ wọn ka orí ohun tí ojú rí, wọn kò gbé e ka orí ìméfò. Ìwà ọmọlúàbí nínú ìmọ̀ nìyẹn.

Ohun kejì ni pé wọ́n so òkúta ìgbàanì mọ́ odò òní. J. R. L. Allen ti tẹ iṣẹ́ jáde ní 1965 lórí ẹrù tí Odò Ọya ń sọ kalẹ̀ lóde òní, láti ipa odò títí dé etí òkun àti inú ibú. Ohun tí ó rí lókè bá ohun tí a rí nínú kànga mu. Yanrìn ipa odò dà bíi ti Benin. Yanrìn àti amọ̀ etí òkun dà bíi ti Agbada. Amọ̀ inú ibú dà bíi ti Akata. Èyí ni pé ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì parí. Bí a ti ń ka bébà yìí ni odò náà ń fi kún wọn.

4.0 Àléébù

4.1 Orúkọ kì í ṣe ọjọ́ orí

Níbi tí a dé yìí ni àṣìlò tí ó wọ́pọ̀ jù ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń wáyé nígbà kan náà, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a kò lè sọ pé Akata jẹ́ orúkọ ìgbà kan, kí Agbada jẹ́ ti ìgbà tí ó tẹ̀ lé e, kí Benin sì jẹ́ ti àìpẹ́. Dẹ́lítà náà ti ń rìn lọ sínú òkun láti nǹkan bí ìgbà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eocene. Bí ó ti ń sún síwájú ni yanrìn etí òkun ń gun orí amọ̀ ibú, tí yanrìn odò sì ń gun orí tọ̀hún. Nítorí náà Agbada tí a gbẹ́ kàn ní àríwá dẹ́lítà lè ti lé ní 34 mílíọ̀nù ọdún, kí Agbada tí a gbẹ́ kàn ní etí òkun máà tíì pé 5 mílíọ̀nù.

Yorùbá mọ irú orúkọ báyìí dáadáa. Ọmọ tí ó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni à ń pè ní Òjó, ìbáà jẹ́ pé lánàá ni wọ́n bí i, ìbáà sì jẹ́ pé ó ti pé ọgọ́rin ọdún. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ pé Òjó méjì wà ní àdúgbò kan kí ó wá sọ pé ọjọ́ kan náà ni a bí wọn. Àmútọ̀runwá ni Akata, Agbada àti Benin. Bí wọ́n ṣe wáyé ni orúkọ wọn ń sọ. Kò sọ ìgbà tí wọ́n wáyé.

Short àti Stäuble kò jẹ̀bi nínú èyí, wọ́n fi ọjọ́ orí tí ó gùn hàn fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀bi wà lọ́rùn àwọn tí ń ya àwòrán tí ó fi ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn bí búrẹ́dì tí a gé, tí wọ́n sì fi ìlà gbọọrọ so orí Agbada inú kànga kan pọ̀ mọ́ orí Agbada inú kànga mìíràn. Ká ní kànga kìíní wà ní àríwá, kí èkejì wà létí òkun. Ìlà tí a fi so wọ́n pọ̀ yóò gba inú nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ọdún kọjá. Ẹni tí ó bá kà á bí ọjọ́ kan ṣoṣo yóò wá amọ̀ tí ó dé epo mọ́lẹ̀ níbi tí kò sí.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ti wá ọ̀nà àbáyọ. Ní 1978, Evamy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti àwọn ẹ̀dá inú òkun tín-ín-tìn-ín tí ó ti di òkúta láti fi mọ ọjọ́ orí. Lẹ́tà P dúró fún lẹ́búlẹ́bú òdòdó, F dúró fún àwọn ẹ̀dá inú òkun, nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e. Ní 1990, Doust àti Omatsola ṣàlàyé bí dẹ́lítà náà ṣe sún síwájú ní àgbègbè kan tẹ̀ lé òmíràn. Nọ́ńbà kò dùn lẹ́nu bí orúkọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ tí orúkọ kò lè ṣe.

Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí tún hàn kedere ní 2009. Ní ọdún náà ni àjọ àgbáyé fún ìmọ̀ ilẹ̀ sún ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà Pleistocene sẹ́yìn, láti nǹkan bí 1.8 mílíọ̀nù ọdún sí 2.58 mílíọ̀nù. Kò sí yanrìn kan tí ó mira lábẹ́ Elele nítorí rẹ̀. Síbẹ̀ ohun tí ó jẹ́ Pliocene lánàá di Pleistocene. Ẹni tí ó bá ti fi orúkọ ìpele ṣe orúkọ ìgbà yóò ní láti tún ìwé rẹ̀ kọ. Ẹni tí ó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ọjọ́ orí nìkan ni yóò tún ṣe.

4.2 Oríkì tí kò ní ìsàlẹ̀

Àléébù kejì jẹ́ ti àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn. Kànga Akata-1 kò dé ìsàlẹ̀ Akata. Agbada-2 náà kò dé ìsàlẹ̀ Agbada. Orí Akata nínú Akata-1 ni wọ́n fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀ Agbada. Ìyẹn ni pé a wo orí àti ara ní ilé kan, a sì lọ wo ẹsẹ̀ ní ilé mìíràn tí ó jìnnà ju 80 kìlómítà lọ, a wá pè é ní ènìyàn kan. Ní ìlẹ̀ tí ọjọ́ orí ìpele ń yí padà bí a ti ń rìn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kò sí ibì kan tí a ti na ìka sí odidi Agbada láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, amọ̀ inú òkun tí wọ́n bá kọ́kọ́ bá pàdé ni wọ́n sábà máa ń fi mọ̀ pé Benin ti tán, yanrìn tí ó bá sì kẹ́yìn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé Agbada ti tán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ pé yanrìn kan ni ó kẹ́yìn bí kò bá gbẹ́ kọjá rẹ̀ dáadáa? Ìfúnpá inú Akata pọ̀ púpọ̀, kò sì rọrùn láti gbẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ kànga ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Ìpele Ewékorò ti Jones àti Hockey ṣàlàyé ní 1964 ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ojú ni a fi ń rí i níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kàn án, kí ó sì bá olùkọ́ rẹ̀ jiyàn. Inú ihò tóóró ni àwòṣe Akata, Agbada àti Benin wà. Èérún àti àkọsílẹ̀ tí wọ́n mú jáde wà ní ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó gbẹ́ ẹ. Oríkì tí ẹni tí ó sọ ọ́ nìkan lè yẹ̀ wò, àṣẹ ni, kò tíì di ìmọ̀ gbogbo ènìyàn.

4.3 Orúkọ tí ó ṣìnà

Àléébù kẹta wà lára orúkọ Benin. Ìlú Ìbíní ni orúkọ náà ti wá. John Parkinson ti sọ̀rọ̀ nípa Yanrìn Benin láti 1907. Ṣùgbọ́n Elele ni ibi-àwòṣe rẹ̀, Elele sì jìnnà sí Ìbíní ju 150 kìlómítà lọ. A fi ìlú kan pe ọmọ, a sì gbé ọmọ náà lọ fi hàn ní ìlú mìíràn. Lẹ́yìn náà, ní 1975, orílẹ̀-èdè Dàhòmì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bẹ̀nẹ̀. Agbada òkúta tí ó wà lábẹ́ etí òkun láti Gánà dé ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tí à ń pè ní ti Dàhòmì tẹ́lẹ̀, ni àwọn kan wá ń pè ní ti Benin báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka Benin nínú ìwé lónìí gbọ́dọ̀ béèrè pé: ìlú ni, orílẹ̀-èdè ni, àbí yanrìn? Short àti Stäuble kò lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní 1975, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe yanrìn náà ní Elele, ìdàrúdàpọ̀ yìí kò ní sí.

4.4 Nígbà tí orúkọ ilẹ̀ dé inú ibú

Orí ilẹ̀ gbígbẹ àti àbàtà ni a ti gbẹ́ kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ epo ti wọ inú ibú. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Bonga ní 2005, níbi tí omi ti jìn ju 1,000 mítà lọ, àti ní Agbami ní 2008. Yanrìn tí ó gbé epo níbẹ̀ kì í ṣe yanrìn etí òkun. Ìṣàn omi ẹlẹ́rẹ̀ ni ó ya lulẹ̀ láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí ilẹ̀, tí ó sì gbé e lọ sínú ibú, sáàrin amọ̀.

Kí ni a ó pe irú ìpele bẹ́ẹ̀? Bí a bá tẹ̀ lé ohun tí ojú rí, yanrìn àti amọ̀ tí ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn ni, Agbada sì ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé ibi tí ó ti wáyé, amọ̀ ibú ni ó yí i ká, Akata ni yóò jẹ́. Oríkì 1967 kò dá ẹjọ́ yìí, nítorí kò sí ẹni tí ó gbé e wá síwájú rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí a máa lo orúkọ náà nínú ibú bí ẹni pé ó ti dá a.

5.0 Ohun tí ó wà nínú ewu

A lè rò pé àríyànjiyàn orí bébà lásán ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a wo ìròyìn tí àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2011 lórí ilẹ̀ Ogoni. Ìròyìn náà sọ pé kò sí ìpele amọ̀ tí ó tẹ́ lọ láìjá kárí ilẹ̀ náà, tí ì bá dáàbò bo omi abẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ epo tí ó dà sílẹ̀. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n rí májèlé benzene nínú omi kànga tí àwọn ará ìlú ń mu, ó sì fi ìgbà tí ó lé ní 900 ju ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ.

Bí ẹnìkan bá gbọ́ pé amọ̀ wà nínú ìpele Benin, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oríkì Benin kò sọ pé amọ̀ náà wà lábẹ́ ilé báyìí, tàbí pé ó so kọ́ra dé ilé kejì. Àwọn olùwádìí náà kò mọ èyí nípa pípe orúkọ. Ihò ni wọ́n gbẹ́, tí wọ́n sì ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láti ìwọ̀n dé ìwọ̀n. Orúkọ ìpele ń sọ ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú ẹbí. Ìwà ọmọ kọ̀ọ̀kan, ilé rẹ̀ ni a ti ń wò ó.

6.0 Ṣé kí a yí orúkọ padà?

Àwọn kan lè dá a lábàá pé kí a pa orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tì, kí a sì tún òmíràn sọ. A kò fara mọ́ èyí. Àkọsílẹ̀ tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni ó wà lórí orúkọ wọ̀nyí, orúkọ tuntun yóò sì sọ gbogbo rẹ̀ di àdììtú fún àwọn tí ń bọ̀. Ohun tí a dá lábàá kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ Akata, Agbada tàbí Benin sọ kànga àti ìwọ̀n jíjìn tí ó ní lọ́kàn, kí ó sì kọ ọjọ́ orí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Èkejì, kí a wá kànga kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó la Agbada já láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí a fi ṣe àwòṣe ìrànlọ́wọ́, kí èérún àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ti wò ó. Ẹ̀kẹta, kí yanrìn inú ibú ní orúkọ àti oríkì tirẹ̀, dípò kí a máa fi tipátipá ki ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú bàtà àwọn ará ilẹ̀.

7.0 Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé Short àti Stäuble ṣe iṣẹ́ tí ó nílárí, tí ó sì bá ìgbà wọn mu. Ohun tí wọ́n sọ lórúkọ ni ìwà ilẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ni wọ́n gbà á bí ọjọ́ orí. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láìparí ni ààlà ìsàlẹ̀, ibi-àwòṣe tí gbogbo ènìyàn lè wò, àti ìpele inú ibú. Iṣẹ́ tí ó kù yìí kò ju agbára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ, bí a bá jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ó jáde láti inú kànga. Nígbà tí oríkì bá pé, tí ibi-àwòṣe sì ṣí sílẹ̀, kò ní ṣòro mọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ kànga omi ní etí dẹ́lítà láti béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì rí ìdáhùn tí ó ju orúkọ lásán lọ.